Fíìmù Òkú Tí Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ Wò Kẹ́yìn

Ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, kú ní ilé ìwòsàn kan ní Hyde Park, ní Chicago níbí, ni n kò lè gbàgbé. Ní ọ̀sán Sátidé náà, fíìmù tí àwa méjèèjì fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá rẹ̀. Nígbà tí òkú fẹ́ jí nínú pósí, mo dìde, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.

“Baba Ṣadé, ojo ni yín o!” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa lọ. Tó bá ti kọjá, màá pè yín.”

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò gbọ́ ìpè. Nígbà tí mo yọjú, òkú ti padà sínú pósí, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ti kú.

Mo ti wo fíìmù náà tán lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù yẹn kò gùn rárá. Ǹ bá ti fara dà á, kí n jókòó tì í.