Orín tí Ìyá Àgbà Sọ Nù

Ní ilé ìwòsàn Savalou, òórùn kànáfùrù gba imú mi bí obìnrin tó ń tọ́jú eyín ṣe ń fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín eyín mi. Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀, mo ní kó dáwọ́ dúró.

"Rárá o, àbúrò. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ni a kì í fi sílẹ̀."

Ọkàn mi lọ sí ọ̀sán kan ní Bantè. Ìyá àgbà mi ń run orín lábẹ́ igi kajú, kànáfùrù ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀. Ó tutọ́, itọ́ náà pupa. Mo bú sẹ́kún.

"Ìyá, ẹ má run ún mọ́! Tíṣà ní ká má fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà mi ti dé! Ó dáa, ìwọ lo ń lọ síléèwé." Ó sọ orín náà nù, kò sì mú òmíràn mọ́. Inú mi dùn gan-an, mo rò pé mo gbà á là.

Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí nígbà náà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló sún mi sọ ọ́, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Nígbà tó yá, gbogbo kajú sísun tirẹ̀ ló máa ń kó fún mi.

"Jẹ ẹ́, ọkọ mi."

Mo ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. N kò mọ̀ pé kò ní eyín tí yóò fi jẹ ẹ́ mọ́.