Níbo Lo Sá Dé Lónìí?

Mo rántí òórùn ìgbẹ́ màlúù àti koríko tútù tó máa ń pàdé mi láràárọ̀ lójú ọ̀nà abúlé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ireland. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi, inú a máa bí mi. Ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀ ni mo fi sáré níbẹ̀. Mi ò gbádùn eré sísá tó bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù.

Dókítà ló sọ mí di asáré. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Catford nígbà náà, mò ń jẹun nígbà tí mo bá ráyè, ẹ̀jẹ̀ mi sì ga débi pé wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ méjì. Dókítà ní oògùn nìkan kò lè gbà mí. Mo ra bàtà, mo bẹ̀rẹ̀. Láti ilé wa ní Peckham, màá gba ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù já sí pápá Peckham Rye, màá yí i po lẹ́ẹ̀kan, màá padà. Lóṣù àkọ́kọ́, àwọn ajá kéékèèké tí wọ́n ń fi okùn mú pàápàá ń kọjá mi. Arábìnrin kan tí a jọ ń lọ mọ́ṣáláṣí rí mi lọ́jọ́ kan tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Aunty, ṣé kò sí o? Ṣé bus lẹ̀ ń lé ni?"

Ìyá mi ní Ìwó kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ní, "Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ìwọ, kí ló ń lé ọ ní Lọ́ńdọ̀nù?" Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ní, "Ó dáa, máa sá fún un nígbà yẹn." Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kò ní pè mí: "Níbo lo sá dé lónìí?" Wọ́n mọ pápá yẹn dáadáa, torí nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, wọ́n wá bá mi tọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pọn ọmọ lọ. Bí mo bá ní mo ti yí i po, wọ́n á béèrè bóyá mo dé ìdí igi ńlá tó wà lápá òkè. Bí mo bá ṣe bí ẹni ń kólòlò, wọ́n á ní, "O yà kúrò lọ́nà ni." Mi ò lè purọ́ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọdún kan ààbọ̀ ló fi jù mí lọ, a ò bá ara wa lo "ẹ" rí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń dá gbé. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí mo bẹ̀rẹ̀ eré, ó ní, "Gba annual leave, wá lo two weeks lọ́dọ̀ mi. Gbé trainers ẹ dání." Mo lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni ọgbà ńlá kan wà, ti olówó ilẹ̀ ayé àtijọ́ kan. Òrùlé ilé náà ti wó, ìjọba sì ti sọ ọgbà náà di ti gbogbo ènìyàn. Ògiri òkúta gígùn ló yí i ká. Bàbá arúgbó tó wà ládùúgbò sọ fún mi pé àwọn tí ebi ń pa nígbà ìyàn ńlá wọn ló mọ ọ́n, nítorí oúnjẹ díẹ̀. Màá tẹ̀ lé ògiri náà, màá gba abẹ́ igi dé afárá òkúta orí odò, màá gòkè lọ sí ibi ṣọ́ọ̀ṣì àlàpà kan tí itẹ́ òkú yí ká, kí n tó gba ọ̀nà màlúù padà sílé. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá á na ìka kan sókè kí mi, wọn ò mọ̀ mí rí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n ní, "Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ju àwọn ará Peckham yín lọ."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta mi níbẹ̀, ọjọ́ Tuesday, mo jókòó lórí ògiri itẹ́ òkú yẹn lọ́sàn-án, mo gba ohùn sílẹ̀ fún wọn. Ibojì kan wà tí orúkọ ara rẹ̀ ti parẹ́ tán, síbẹ̀ ẹnìkan gbé òdòdó tútù sí i. Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ bí ibí ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ibí yìí dáa fún òkú láti sùn o!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo délé, ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n. Ó ní hay fever ni, koríko ló fà á. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, ó dì í mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ó ṣì ga. Lọ sinmi."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti sáré dé, ẹ̀rọ náà ti ń dúró dè mí. Àbúrò wa ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú Màmá ní Ìwó sì ní fóònù wọn ti bàjẹ́ lápá ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, kí n máa fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ kíkọ dáhùn. Ìdáhùn ń wọlé lóòótọ́: "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Níbo lo sá dé lónìí?" Ìyá mi kò mọ̀wé. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní ọmọ-ọmọ kan ló ń bá wọn kọ ọ́. Mo wá ń sáré jìnnà sí i, kí ìròyìn mi lè pọ̀.

Tuesday kejì, mo sáré dé, mo bá bàtà ọkùnrin mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọ ilé ìdáná, ó di ẹ̀rọ mọ́ mi lápá. "Má sọ̀rọ̀." Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ó mú mi lọ sí pálọ̀. Ààfáà kan àti àgbà mẹ́ta wà níbẹ̀. Ààfáà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sí ẹ̀mí tí kò ní tọ́ ikú wò.

Mo ní, "Ta ló kú?"

Wọ́n ṣì ń bá wàásù lọ. Mo pariwo: "Mo ní ta ló kú!"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá ni. Last Tuesday. Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni wọ́n sin wọ́n nílé."

Mo rántí ibi tí mo jókòó sí. Mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ẹ̀rọ náà, mo là á mọ́ ògiri. Mo ní, "Ká ní ẹ̀jẹ̀ mi ò wálẹ̀ ńkọ́? Ṣé títí ayé lẹ ò bá fi máa tàn mí?"

"BP ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́ last year," ó ń sunkún. "Ṣé kí n sin ẹni méjì ni?"

Ààfáà ní kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni à ń sọ. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ń lọ lọ́wọ́ ní Ìwó láàárọ̀ yẹn. Ká ní wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ǹ bá ti débẹ̀, ǹ bá ti fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀ wọn. Inú fóònù ni mo ti wò ó, mo ṣì wọ aṣọ eré, òógùn ń gbẹ lára mi. Àbúrò mi di fóònù mú, mo bi í léèrè ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí mi. Ó ní, "Èmi ni, Aunty mi. Sister ló ní kí n máa kọ ọ́."

Àwọn ènìyàn ní wọ́n ṣe dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ mi ò ga mọ́, mo wà láàyè, ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì lọ sílé, torí pé ó ń ṣọ́ mi. Mo mọ̀. Èmi náà ti bá wọn fi ikú pamọ́ rí: arábìnrin kan ní Lewisham, bàbá rẹ̀ kú, odindi ọjọ́ kan la fi ń bá a se ọbẹ̀, tí a ń ṣẹ̀fẹ̀, títí ọkọ rẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé, kí a tó sọ fún un. Mo rò pé àánú ni mo ṣe é. Ṣùgbọ́n a ò fi ọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ìbéèrè ìyá mi ni wọ́n mú, wọ́n ń fi tàn mí jáde bí ẹni ń fi àgbàdo tan adìẹ. Èyí ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n, mi ò sì mọ̀ bóyá màá dárí rẹ̀ jì wọ́n láé.

Mo ṣì ń sáré ní Peckham Rye, mo sì máa ń dé ìdí igi yẹn. Àárọ̀ Sunday kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi á pè. Kí ó tó kí mi, èmi á ti béèrè: "Ta ló kú?" Á ní, "Kò sẹ́nì kankan tó kú, jàre." Ohùn rẹ̀ a sì máa wálẹ̀. Mi ò ní gbà á gbọ́. Màá pa fóònù, màá pe Ìwó fúnra mi, màá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n gbọ́ ohùn wọn, kí n tó wọ bàtà mi.