Ohùn Inú Àpótí Ẹ̀yìn

Ìyàwó mi kì í tètè ṣe tán. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Aládé, màá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun á ṣì máa wé gèlè. Kí ó tó kú, ọkùnrin kan wá láti Àkúrẹ́, ó gba orin ẹgbẹ́ akọrin wa sílẹ̀. Ó gbé máìkì yí inú ṣọ́ọ̀ṣì ká. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, ìyàwó mi àti àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọmọ wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló fi orin náà ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà mi. Ó tún ra àpótí ohùn fún mi, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ó ní bí mo bá jókòó sáàárín wọn, yóò dà bí ìgbà tí mo wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Wáyà kan ṣoṣo, tí iná pupa ń tàn lẹ́nu rẹ̀, ni mo fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń fún àwọn àpótí lóhùn. Mo tan orin. Méjì iwájú nìkan ló dún. Ọkùnrin nìkan ló ń kọrin.

Mo yọ wáyà, mo nù ún, mo tún tì í bọ ihò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi etí lé àpótí ẹ̀yìn. Kò fọhùn. Mo wá fi fíìmù kan sí i. Ó dún níwájú, ó dún lẹ́yìn. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó wá kí mi, ń wò mí.

"Ọkọ wa, àwọn àpótí yín jọ yín. A bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò sọ̀rọ̀."

Mi ò fèsì.

"Ẹ ò rí i?"

Nígbà tó lọ, mo pe ọmọ mi.

"Bàámi, ohùn méjì péré ni wáyà yẹn lè gbé, àfi tí a bá di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti fíìmù ti wà ní dídì. Ti orin yìí ò sí ní dídì, kọ̀ǹpútà yín ò sì mọ̀ ọ́n dì."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ kàn ń tú wáyà láti àárọ̀! Ẹ fi í sílẹ̀, màá dì í níbí."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa láàárín àwọn òkè wọ̀nyí gba orin tó dì náà bí ẹni tí kò fẹ́ gbà á. Ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún já. Nígbà tó dé, mo tan án. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ níwájú. Àwọn obìnrin gbà á lẹ́yìn mi. Mo fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ ti ìyàwó mi. Mo ti na ọwọ́ sí wáyà kí ohùn rẹ̀ tó wọlé. Ó ti fi ọ̀rọ̀ kan pẹ́ lẹ́yìn àwọn yòókù.

"O tún pẹ́," ni mo wí. Mi ò bojú wẹ̀yìn.