Rédíò Tí Mo Tàn Lókè Òkun

Orúnkún mi ọ̀tún ni oòrùn kọ́kọ́ bà lé, mo sì mọ̀ pé a ti ṣìnà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Àbíjáǹ. Kí n tó kúrò ní Èjìgbò ni mo ti fi rúlà wọn ọ̀nà náà nínú àwòrán ilẹ̀: ìwọ̀ oòrùn là ń lọ, ilẹ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òkun lọ́wọ́ òsì. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iwájú ló yẹ kí oòrùn wà. Bó bá gba fèrèsé ọ̀tún wọlé, a jẹ́ pé gúúsù la kọjú sí. Omi nìkan ló sì wà ní gúúsù.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mò ń ṣe nígbà náà. Inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Látìgbà tí a ti gbéra ni mo ti ki okùn rédíò kékeré mi bọ etí, mò ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí n lè mọ ìṣẹ́jú tí ohùn Èkó máa parẹ́.

Màmá kan, ará Èjìgbò tó ti ń ta aṣọ ní Àbíjáǹ tipẹ́, ló jókòó tì mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pariwo sí mi létí. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohùn awakọ̀ dún lókè orí wa ní Faransé. Màmá di apá mi mú.

"Mọ́ńdiyé! Ọlọ́run mi! Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń júwe ọ̀nà fún wọn ti ń purọ́! Àmì tó ń ti ilẹ̀ wá ti dàrú. Oòrùn ni wọ́n máa fi wá etí òkun."

Mo mọ̀ pé rédíò ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń yí abẹ́rẹ́ yẹn, bíi tèmi. Bí mo bá sì gbé rédíò méjì síra wọn lórí tábìlì mi, ọ̀kan a máa súfèé nínú èkejì.

"Màmá, ẹ gbà mí. Ó lè jẹ́ èmi ni. Rédíò ló wà létí mi."

Wọ́n fa okùn náà yọ, wọ́n kì í bọ etí tiwọn.

"Hàà! Ọmọ yìí, ṣé o ò dití ni? Mo ti pariwo títí ohùn mi fi há! Nígbà tí wọ́n fi Faransé ní ká má tan rédíò, mo rò pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló wà létí rẹ, mo ní ta ló máa gbà á lọ́wọ́ adití?"

Mo pa rédíò náà kíá.

"Dìde, lọ sọ fún wọn."

"Wọ́n á tì mí mọ́lé, Màmá."

"Ṣé inú òkun lo fẹ́ kí wọ́n tì ọ́ mọ́?"

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ bá obìnrin tó ń tọ́jú èrò, wọ́n fi Faransé ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gba rédíò náà, ó gbé e lọ síwájú. Láìpẹ́ ọkọ̀ yí, oòrùn sì bọ́ sọ́wọ́ òsì: àríwá la wá kọjú sí. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo kà lójú aago kí n tó rí ìlà funfun kan níwájú, ìfófòó omi lórí iyanrìn.

Nígbà tí a balẹ̀ ní Àbíjáǹ, awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé rédíò mi wá. Ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

"Kí ni wọ́n wí, Màmá?"

"Ó ní òun ò mọ̀ bóyá rédíò rẹ ló fà á."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ látìgbà náà. Àwọn kan ní irú rédíò kékeré bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan, àwọn mìíràn ní ó lè ṣe é. Màmá ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Èjìgbò títí wọ́n fi kú. Àwọn èrò yòókù sì bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí ara wọn kú ewu, wọ́n sì kí èmi náà. Mo dáhùn. Ó yẹ kí n ti bẹ̀ wọ́n. Mò ń bẹ̀ wọ́n báyìí.