Àwọn Ewúrẹ́ Aláìníbaba

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Olúyọmí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ kan, Alájà Sàdíátù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ń sin ewúrẹ́ l'Ayépé. Lọ́jọ́ kan tí Yọmí lọ kí i, Alájà mú un lọ sẹ́yìnkùlé.

"Yọmí, orí mi ò gbà á mọ́. Wọ́n ti pọ̀ jù. Bá mi kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí n lè mọ èyí tó bí èyí."

Irú iṣẹ́ tí Yọmí fẹ́ràn nìyẹn. Ó ṣe tábìlì kan sínú kọ̀ǹpútà, ó fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ, ọjọ́ ìbí, àti nọ́ńbà ìyá tó bí i. Ó wá kọ ìbéèrè kan fún kọ̀ǹpútà, àṣẹ tí yóò mú ọmọ ewúrẹ́, yóò wá ìyá rẹ̀, yóò tún wá ìyá ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí yóò fi kan èyí tí kò ní ìyá nínú tábìlì. Nígbà tí Alájà rí ìran Adúmáadán, ewúrẹ́ tó kọ́kọ́ rà, tó yọ ẹ̀ka bí igi lójú fóònù tí Yọmí so mọ́ kọ̀ǹpútà náà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kì í ṣe pé Yọmí ò ronú kan bàbá. Òbúkọ kan ṣoṣo ló wà lọ́gbà nígbà náà. Bó bá sì fi bàbá sí i, ọ̀nà á máa pín sí méjì níbi gbogbo, ìbéèrè rẹ̀ tó gún régé á di rúdurùdu. Ó fi í sílẹ̀.

Alájà gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Nígbà tí òbúkọ àgbà kú, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kó tó da akọ pọ̀ mọ́ abo, á tẹ nọ́ńbà àwọn méjèèjì sínú fóònù. Kọ̀ǹpútà á ní wọn ò bára wọn tan. Òótọ́ ni, níhà ọ̀dọ̀ ìyá.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí wọ́n ṣe ń bí wọn. Òmíràn ò lè dìde mu ọmú. Alájà pè é ní àrùn, ó ra oògùn títí, kò dáwọ́ dúró. Ó wá ránṣẹ́ pe Ọmọlará, dókítà ẹran, ó sì pe Yọmí pẹ̀lú.

"Mà, ta ni bàbá àwọn wọ̀nyí?" Ọmọlará béèrè.

Alájà na fóònù sí Yọmí. "Bá wọn wò ó."

Yọmí gbà á, kò tẹ nǹkan kan. "Kò sí níbẹ̀, mà. Mi ò ṣe àyè fún bàbá."

Ọmọlará yí ọgbà ká, ó ń wo ojú àwọn ẹran náà, gbogbo wọn jọra. "Ọmọ bàbá kan náà lẹ ń dà pọ̀ mọ́ra wọn, mà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti sún mọ́ra jù."

Lọ́jọ́ kejì, Yọmí fi òpó tuntun, àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá, kún tábìlì inú kọ̀ǹpútà, fún bàbá. Iṣẹ́ náà ò le rárá. Ṣùgbọ́n kí ni yóò kọ síbẹ̀? Ó jókòó ti Alájà, wọ́n jọ ń rántí, wọn ò rí i tò. Ohun tí Alájà ń fi orí mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, mà."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Èmi náà ò béèrè."

Yọmí ìbá fẹ́ kó bú òun.

Alápatà ló kó èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ewúrẹ́ náà. Alájà ń sin adìyẹ báyìí, ó ń ta ẹyin. Yọmí ṣì ń lọ kí i, ṣùgbọ́n iwájú ilé ló máa ń jókòó sí.