Tamie Kò Gbọ́ Fèrè

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bọ́ọ̀sì tó ń kó àlejò wá wo ilé iṣẹ́ aṣọ ṣẹ́dà àtijọ́ ní ìlú wa fi ẹ̀yìn rìn, ó sì pa Tamie, ìyàwó mi, lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n ní awakọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé òkú ni kò kíyè sára.

Kò kíyè sára, àbí? Ta ló gba etí rẹ̀?

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti abúlé kan lórí òkè Nagano. Ọgọ́fà ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ń ké nínú yàrá kan, ó sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró láàrin wọn. Òun àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dití. Ètè ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa bú Kurata, ọ̀gá wọn, níṣojú rẹ̀, òun á máa rẹ́rìn-ín sí wọn.

Nílé, èmi náà kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láìlóhùn. Bí mo bá gbàgbé tí mo pariwo, á ní, "Baálé mi, ẹ rọra. Ẹnu yín ni mò ń wò, ẹ sì ń tu ìrẹsì sí mi lójú." Títí di òní, ètè mi ṣì ń mì lásán nídìí oúnjẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tan fún àwọn àlejò, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ọmọbìnrin kan ń pín òwú kiri. Ó na tèmi sí mi.

"Bàbá, ẹ fi dí etí yín o. Ariwo rẹ̀ le."

Mo bi í pé ta ló pín in fún àwọn tó hunṣọ níbí. Ó kọjá sọ́dọ̀ àlejò tó kàn.

Nínú ọgbà wọn, òkúta ìrántí wà fún àwọn kòkòrò ṣẹ́dà. Lọ́dọọdún ni àlùfáà ń wá gbàdúrà fún ọkàn kòkòrò tí wọ́n sè nínú omi gbígbóná láti fa òwú ṣẹ́dà lára wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, kòkòrò ní ẹ̀mí. Obìnrin ńkọ́?

Shinozuka, ìwọ tó jogún ilé iṣẹ́ náà, mo ti dá òdòdó tí o fi ránṣẹ́ síbi ìsìnkú padà. Lọ tún ìwé yẹn kọ. Kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ yín ló sọ Tamie di adití, kí o sì fọwọ́ ara rẹ sí i. Mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà láyé. Iwájú ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n ń gbà lọ ra ẹja, bọ́ọ̀sì rẹ sì ń fi ẹ̀yìn rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́.