Àmì Pupa Lórí Bébà Funfun

Mo rántí òórùn irin jíjó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣómólú, nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, tí àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun ń wá àwo irin tí wọn yóò kọ orúkọ wọn sí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Èmi ni mò ń lo ẹ̀rọ lésà, tó ń fi ìtànṣán kọ lẹ́tà sára irin, tí ọ̀gá mi rà ní tòkúnbọ̀, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n lò ju ẹni tó ṣe é lọ. Láàárọ̀, lẹ́tà á mú ṣáṣá. Tó bá di ọ̀sán, á wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Bó bá ti ń wú ni mo ń fi kún iná rẹ̀. Ọ̀gá ní NẸ́PÀ ló fà á. Ará Pedro tó ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní jẹnẹrétọ̀ ni. Nígbà tí àwo mẹ́fà bàjẹ́ tẹ̀léra, ọ̀gá ní bí àwo tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ Jímọ̀ bá tún bàjẹ́, ẹ̀rọ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, èmi náà ń lọ sílé.

Mo gbéra lọ sí Bàrígà, sọ́dọ̀ ìyá tó kọ́ mi ní físíìsì. Ó tẹ̀lé mi wá. Ó ní ọ̀pá gíláàsì kan tó tó ìka ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ni ìtànṣán ti ń jáde. Bí àárín rẹ̀ bá gbóná ju ẹ̀gbẹ́ lọ, á máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ bí awò tí àgbà fi ń kàwé. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká méfò," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n."

A yọ dígí iwájú ẹ̀rọ, nítorí láìsí i, ìtànṣán ńlá kò lè jáde, a wá tan iná pupa kékeré kan gba inú ọ̀pá náà kọjá. Mo di bébà funfun mú, mo ń fẹ̀yìn rìn títí àmì pupa fi kéré jù lọ. Ìyá fi téèpù télọ̀ wọn ibẹ̀. Nígbà tí iná ẹ̀rọ kéré, ìdí ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. Bí a ti ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí àmì ti kéré jù ń fà mí padà, títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ṣe é, kò yí padà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi sùúrù tú èèrà yóò rí ìfun rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo rí níbẹ̀.

"Ta ló ń fi kún iná?" ọ̀gá bèèrè.

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó ní, "Ẹ̀rọ ò ríran, o tún ń ki ìka bọ̀ ọ́ lójú."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná títí ooru rẹ̀ fi dúró sójú kan, a gbé tábìlì iṣẹ́ sí ibi tí lẹ́tà ti mú, a ò sì fọwọ́ kan iná mọ́. Ọ̀gá fi sẹ́lótéèpù lẹ bọ́tìnì tí mo fi ń fi kún iná, ó buwọ́ lù ú. Gbogbo àwo ló jáde láìlábàwọ́n.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe báyìí. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá hàn kedere, olóòtú á ní kí n ta ata sí i, ọwọ́ á sì máa yún mi. Nígbà náà ni mo máa ń rí sẹ́lótéèpù yẹn, tòun ti ìbuwọ́lù ọ̀gá mi. Mo máa ń dìde, kí n lọ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀.